Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Iná Mànàmáná

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Nígbà tí àwọn àgbà bá fura pé ohun tó hàn sójú kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀, òwe yìí ni wọ́n ń pa. Ẹni tó ń ka ení, èjì mọ̀ pé èje ló tẹ̀lé ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èje, ẹ̀jọ ń bẹ, ẹ̀sán ń bẹ, ẹ̀wá ń bẹ. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ ooru inú ilẹ̀ mu rẹ́gí.

Ẹni tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ Ìkógòsì ní Èkìtì mọ̀ pé inú ilẹ̀ gbóná. Níbi púpọ̀ láyé, kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí a bá wà lọ sísàlẹ̀ ń fi nǹkan bí 25 sí 30°C kún ooru rẹ̀. Ní ọdún 1904, ní Larderello ní Ítálì, Piero Ginori Conti fi èéfín omi tó ń tú jáde látinú ilẹ̀ yí ẹ̀rọ, gílóòbù márùn-ún sì tàn.

Iná mànàmáná yẹn ni ẹ̀fà. Omi inú ilẹ̀ kì í gbóná tó iná èédú tàbí ti gáàsì, nítorí náà agbára tí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, lè rí fà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Kárí ayé, nínú ìdá 100 ooru tó jáde láti inú kànga tí a gbẹ́ wá ooru, nǹkan bí ìdá 12 péré ní ìpíndọ́gba ló ń di iná mànàmáná. Ìyókù ńkọ́?

Àwọn ará Iceland ka iye náà kọjá ẹ̀fà. Ní ibùdó ooru ilẹ̀ Nesjavellir, ooru ni wọ́n kọ́kọ́ fà ní 1990, kí iná mànàmáná tó tẹ̀lé e ní 1998. Èéfín kànga ń yí tọ́báìnì tó ń pèsè mẹ́gáwáàtì 120. Bó ti ń kúrò níbẹ̀, ó ń mú omi tútù tó mọ́ gbóná, láìjẹ́ kí omi méjèèjì pàdé, torí omi inú ilẹ̀ ní èròjà tó ń ba páìpù jẹ́. Omi gbígbóná náà ń gba páìpù nǹkan bí kìlómítà 27 dé Reykjavik, olú-ìlú wọn, kì í sì í pàdánù ju nǹkan bí 2°C lọ́nà. Ooru rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 300, ó ju ìlọ́po méjì iná mànàmáná lọ. Nígbà tó bá mú ilé gbóná tán, wọ́n tún ń darí èyí tó ṣẹ́ kù gba abẹ́ ojú ọ̀nà, kí òjò dídì lè yọ́.

Ẹnìkan lè ní: àwa tí oòrùn ń pa, kí la fẹ́ fi ooru ṣe? Nítòsí adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, oko òdòdó Oserian lo ooru ilẹ̀ láti lé ọ̀rinrin kúrò nínú ilé ọ̀gbìn lóru, kí àrùn má baà mú òdòdó. Ooru wúlò fún gbogbo ibi tí a ti ń sá nǹkan gbẹ, tí a sì ń se nǹkan.

Ṣùgbọ́n páìpù ooru wọ́n, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò lò ó wà nítòsí. Ó tún yẹ kí a dá omi padà sílẹ̀, torí kànga tí à ń fà láìbu omi sí i, omi rẹ̀ yóò máa dín kù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀ wá ooru, kó kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò lo ìyókù. Ẹni tó mú iná mànàmáná nìkan, ẹ̀fà ló kà dé.