Bí Sátẹ́láìtì Ṣe Ń Fi Ooru àti Gíga Òkun Hàn Wá

Ní etíkun orílẹ̀-èdè Peru, àwọn apẹja ìgbà àtijọ́ ṣàkíyèsí pé ní ọdún mìíràn, omi òkun a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní àsìkò Kérésìmesì, ẹja a sì wọ́n. Nítorí àsìkò náà ni wọ́n ṣe pè é ní El Niño, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọmọdékùnrin, ìyẹn ni Jésù Ọmọ Jòjòló. Lóde òní, kò di ìgbà tí omi náà bá dé etíkun kí a tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ọ̀nà Méjì Tí A Ń Gbà Wo Òkun

Ọ̀nà kìíní ni ti ooru. Ìtànṣán tí ojú wa kò lè rí ń ti ojú òkun jáde. Sátẹ́láìtì ń gbà á, kọ̀ǹpútà a sì sọ ọ́ di ìwọ̀n ooru. Ṣùgbọ́n ojú omi lásán ni èyí ń fi hàn, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti gíga. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1992, Amẹ́ríkà àti Faransé fi TOPEX/Poseidon ránṣẹ́ sí òfuurufú. Láti ibi tí ó ga tó 1,336 kìlómítà, ó ń rán ìtànṣán rédà sí ojú òkun, ó sì ń wọn àkókò tí ó fi padà. Bí àkókò bá kúrú, omi ga. Bí ó bá pẹ́, omi rẹlẹ̀. Níwọ̀n bí omi gbígbóná ti máa ń wú, ibi tí òkun bá ti ga ju bí ó ti yẹ lọ sábà máa ń jẹ́ ibi tí ooru pọ̀ sí nísàlẹ̀.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Ọdún 1997

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, afẹ́fẹ́ a máa ti omi gbígbóná Òkun Pàsífíìkì lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí òkun fi ga ní Indonéṣíà ju ti Ecuador lọ ní nǹkan bí ìdajì mítà. Ní 1997, afẹ́fẹ́ náà rọlẹ̀, omi sì ṣẹ́rí padà sí ìlà-oòrùn. Nínú àwọn àwòrán sátẹ́láìtì náà, pupa àti funfun dúró fún omi tí ó ga. A sì rí àwọ̀ funfun gbòòrò kan tí ó nà dé etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọ̀gbẹlẹ̀ àti iná igbó bá Indonéṣíà jà. Ní Peru, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí múra sílẹ̀ ṣáájú, síbẹ̀ òjò ńlá ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998 gbé ilé àti afárá lọ. Ìkìlọ̀ kò dá òjò dúró, ṣùgbọ́n ó fún àwọn ènìyàn ní àyè.

Ẹ̀kọ́ Wo Ni Ó Kọ́ Wa?

TOPEX/Poseidon parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 2006, àwọn mìíràn sì ti gba ipò rẹ̀, lára wọn ni Sentinel-6 Michael Freilich tí a fi ránṣẹ́ ní 2020. Àkọsílẹ̀ wọn fi hàn pé ojú òkun ayé ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 ga sí i láti 1993. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìjọ wa tí ó wà ní etíkun Èkó àti ní agbègbè Ìlàjẹ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ bá kìlọ̀ nípa àkúnya omi, ẹ jẹ́ kí a ka ìkìlọ̀ náà sí ìjọ létí, kí a sì ṣí gbọ̀ngàn wa sílẹ̀ fún ẹni tí omi bá lé kúrò nílé.