Àpọ̀jù iṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ apoògùn

Àpọ̀jù iṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ apoògùn ni ipò tí ohun tí olùkọ́ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi pọ̀ ju èyí tí ó lè yé e, tí ó sì lè lò, láàárín àkókò tí a là sílẹ̀. Òògùn tuntun ń jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i.

Ohun tí ó ń fà á

Ẹ̀kọ́ yìí kó kẹ́mísírì, bí òògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, òògùn pípò, òfin àti ìtọ́jú aláìsàn pọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ apoògùn kọjá òògùn pípò nìkan, a fi ẹ̀kọ́ ìtọ́jú kún ti àtijọ́. Ní Nàìjíríà, ọdún 5 ni B.Pharm. ń gbà, Pharm.D. sì ń gba ọdún 6. Bí a ti ń fi orí ẹ̀kọ́ tuntun kún un, a kì í sábà yọ èyí tí ó ti gbó kúrò.

Ewu rẹ̀

Ní ọdún 1988, John Sweller, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Australia, ṣàlàyé pé bí ẹrù bá ti wọ ọpọlọ lọ́rùn jù, ẹ̀kọ́ kì í wọlé dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ a há ìwé sórí, a yege ìdánwò, a sì gbàgbé. Ìgbàgbé yìí lè pa aláìsàn lára: bí apoògùn kò bá rántí pé warfarin pẹ̀lú aspirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára, ẹ̀mí ẹni tí ó ń lò wọ́n wà nínú ewu.

Bí olùkọ́ ṣe lè dín in kù

* Bíbẹ̀rẹ̀ láti òpin: ọ̀nà yìí, tí Grant Wiggins àti Jay McTighe gbé jáde nínú ìwé wọn ní ọdún 1998, ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ pinnu ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe, lẹ́yìn náà bí yóò ṣe dán an wò, kí ó tó yan ohun tí yóò kọ́ ọ.
* Kíkọ́ òògùn ní ẹbí-ẹbí: ọ̀nà kan náà ni captopril, enalapril àti lisinopril ń gbà mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Gbogbo wọn lè fa ikọ́ gbígbẹ, wọn kò sì yẹ aláboyún. Ẹni tí ọ̀kan bá yé, ìyàtọ̀ ni ó kù kí ó kọ́.
* Yíya ohun tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a lè wò nínú ìwé, bí ìwọ̀n òògùn tí a kì í sábà lò.
* Ìfikùnlukùn láàárín àwọn olùkọ́, kí a má baà kọ́ ohun kan náà ní kọ́ọ̀sì mẹ́ta.

Ààlà rẹ̀

Olùkọ́ kan kò lè dá orí ẹ̀kọ́ yọ, nítorí pé àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, bí Pharmacy Council of Nigeria, ní ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lápapọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ohun tí a ó yọ.