Ọyẹ́, Ògiri Amọ̀ àti Fèrèsé Lúfà

Ẹni tó bá ń gbé ilé tó ti pẹ́ ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ìgàndò, ní Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, mọ bí ìdájí oṣù Ọ̀pẹ ṣe máa ń rí. Afẹ́fẹ́ á gba àárín gíláàsì lúfà wọlé, ekuru á ti bo tábìlì kí ilẹ̀ tó mọ́, ètè á sán, ìyá á sì tún máa fa aṣọ bo ọmọ tó ti ta á nù lóru. Ọyẹ́ la máa ń di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ rù. Mi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ kì í ṣe àlejò: ọdọọdún ló ń ti aginjù Sàhárà wá, láti ìparí oṣù Bélú títí wọ Èrèlé, àwọn Àwórì tó tẹ àwọn ìletò Alímọ̀ṣọ́ dó sì ti mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé bùlọ́ọ̀kù dé ibẹ̀. Ilé ló yí padà. Ooru ni àwọn tó kọ́ ilé tí à ń gbé lónìí ń bá jà. Wọn ò ka òtútù sí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń mọ ilé amọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ń mọ ọ́n, kí amọ̀ lè gbẹ. Wọ́n á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó títí á fi dì mọ́ra, wọ́n á wá máa ju ìṣù amọ̀ sókè fún ẹni tó ń mọ ọ́n. Wọn kì í mọ ju ìpele kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri tó bá jáde nínú iṣẹ́ yìí máa ń nípọn, nínípọn rẹ̀ ló sì wúlò jù lọ́jọ́ ọyẹ́. Ooru oòrùn ọ̀sán á máa wọ inú amọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ á ti ṣú kó tó yọ sínú yàrá, á sì máa yọ títí di ìdájí, ìgbà tí òtútù ń mú jù. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe agbo ilé tí ògiri rẹ̀ kò ga, tí yàrá tò yí àgbàlá ká, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn sì wà níwájú wọn. Ẹ̀yìn ilé ni afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ bá, kì í ṣe ojú fèrèsé. Òrùlé koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ náà nípọn, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ewé kì í jẹ́ kí ooru tètè sá lọ. Iná tí wọ́n ń yá láàárọ̀, òrí tí wọ́n fi ń pa ara, kíjìpá tí wọ́n ń dà bora, gbogbo rẹ̀ ń ran ògiri lọ́wọ́ ni. Ní Kánò, níbi tí ọyẹ́ ti le ju tiwa lọ fíìfíì, ògiri tó nípọn tí wọ́n fi tubali (ìṣù amọ̀ tí wọ́n sá gbẹ) mọ àti fèrèsé kékeré ni àwọn Hausa fi dá a lóhùn.

Páànù ti wọ Èkó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iná tó ń jó òrùlé koríko láti ilé dé ilé sì jẹ́ kí ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èrò àwọn ayàwòrán-ilé dé. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya Gẹ̀ẹ́sì tó ya àwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, gbé ìwé kan jáde ní 1956 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tó lọ́rinrin. Kókó ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí afẹ́fẹ́ máa gba inú ilé kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹ̀kọ́ rere ni. Àmọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ tó wà ní Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì ní 1960, tí ẹnikẹ́ni tó ní owó díẹ̀ sì lè da bùlọ́ọ̀kù, lúfà nìkan ni ọ̀pọ̀ onílé mú nínú ẹ̀kọ́ náà. Láti dín owó kù, wọ́n fi bùlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́fà kọ́ ibi tó yẹ kí wọ́n ti lo mẹ́sàn-án, wọ́n sì kan páànù lé e lórí, ìgbà mìíràn láìsí àjà. Lúfà kì í pa dé tán. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ìjọba Jákáńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, kọ́ ilé Abẹ́sàn ní Ìpájà láàárín 1979 sí 1983, àwọn onílé aládàáni ń kọ́ tiwọn lọ ní gbogbo àyíká rẹ̀, nígbà tí ìkànìyàn 2006 sì máa fi dé, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́.

Ẹlòmíràn á ní, òtútù wo ló wà l'Ékòó? Lóòótọ́, bí a bá ṣírò oṣù kọ̀ọ̀kan, Agẹmọ àti Ògún, àsìkò òjò, ló tutù jù lọ́dún, kì í ṣe oṣù ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò oṣù ò mọ ohun tó ń ṣe ara. Lọ́jọ́ ọyẹ́, ọ̀sán lè kọjá ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí òru sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20. Páànù tó fẹ́lẹ́ kò ní ooru kankan nípamọ́: bí oòrùn bá ti wọ̀, ó tutù, yàrá abẹ́ rẹ̀ náà á sì tutù. Ìyípadà ọ̀sán sí òru yẹn gan-an ni ògiri amọ̀ ń dín kù.

Àwọn mìíràn á sọ pé tí ilé amọ̀ bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé táwọn baba wa fi sá kúrò níbẹ̀? Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Iná, ikán, òjò tó ń jẹ ìdí ògiri, òrùlé tí wọ́n ní láti máa tún bò lóòrèkóòrè: ìyọnu gidi ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tí àwọn èèyàn sì lọ ń ṣiṣẹ́ oṣù, kò sí ẹni tí wọ́n á bẹ̀ lọ́wẹ̀ mọ́. Àmọ́ nínú gbogbo ìdí wọ̀nyí, òtútù kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rí ni àwọn ilé tó wà láàárín méjèèjì, tó ṣì pọ̀ ní àdúgbò àtijọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, tí wọ́n kan páànù lé. Àwọn tó kọ́ wọn gba páànù nítorí iná, wọ́n sì fi amọ̀ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ iná èédú. Nínú ilé koríko, èéfín máa ń rí àárín ewé gbà jáde, bó tilẹ̀ ń ta ojú tó sì ń ba àyà jẹ́. Lónìí, bí òtútù bá mú, àwọn kan á fi páálí àti ọ̀rá dí lúfà pa, wọ́n á wá gbé ìkòkò èédú wọ yàrá. Èédú tó ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò lóòórùn, tí ojú ò lè rí, ó sì ń pa èèyàn mọ́ ojú oorun. Ẹ jẹ́ kí èédú wà níta. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ ta aṣọ tó nípọn sí fèrèsé tó kọjú síbẹ̀, kí ẹ sì fi ti òdìkejì sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀.