Àwọn Àgbà Onígìtá

Olóòtú ìwé wa ní kí n má kọ ewì lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ewì mi ti pọ̀ jù, kí n wá kọ ìtàn, ìtàn gidi tó ní ọdún àti orúkọ nínú. Ó dáa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn rèé. Bí ewì bá yọ́ wọ inú rẹ̀, ẹ bá mi forí jì í.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Dádì Mile 12 là ń pè wọ́n nílé, torí pé ọjà Mile 12 ni wọ́n ti ń ta tòmátò àti tàtàṣé kí wọ́n tó bí mi. Ìkòsí ni wọ́n ń gbé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì máa ń wà tí iléèwé bá ti wọlé ìsinmi. Etí wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ní láti jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún wọn, kẹ́ ẹ sì pariwo. Ìyàwó wọn ní ariwo ọjà ló bà á jẹ́. Àwọn fúnra wọn ní rárá o, gìtá ni.

Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gìtá yìí láti kékeré, àwàdà ni mo kà á sí. Oṣù Agẹmọ 2025 ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọjọ́ Sunday kan ni, ọjọ́ kẹfà oṣù náà. NEPA ti mú iná lọ, a jókòó síta, mo ń wo fóònù. Mo wá rí fídíò eré kan tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Saturday tó ṣáájú ní Villa Park, pápá bọ́ọ̀lù Aston Villa ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga dúdú kan tó dà bí ìtẹ́ ọba, ó ń kọrin. Ozzy Osbourne ni. Àìsàn Parkinson ò jẹ́ kó lè dá dúró mọ́. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ Black Sabbath sílẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀: Tony Iommi ń ta gìtá, Geezer Butler ń ta báàsì, Bill Ward ń lu ìlù. Ó ti tó ogún ọdún tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jọ ṣeré pọ̀ gbẹ̀yìn. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi Metallica àti Guns N' Roses, tí àwọn náà ti dàgbà, ló ṣeré ṣáájú wọn lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tí ọmọ bá wá kí bàbá.

Dádì gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọn ò wo àwòrán o. Etí ọ̀tún ni wọ́n gbé e sí, wọ́n dijú.

"Àwọn wọ̀nyí ò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Ta ló máa wá kó tiwa jọ báyìí?"

Mo ní, "Tiwa wo, sà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni wo ẹni tó pe àmàlà ní fùfú. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ò ń kàwé Yorùbá ní yunifásítì. Kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ gan-an?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí, òun ló jẹ́ kí n máa wádìí. Ohun tí mo rí rèé.

Lọ́dún 1970 ni Black Sabbath gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Orin wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé heavy metal ti bẹ̀rẹ̀. (Ẹ má ní kí n túmọ̀ orúkọ yẹn sí "irin wúwo" o. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Kétu ló máa wá kan ilẹ̀kùn mi.) Ọmọ iléeṣẹ́ irin ni Iommi lóòótọ́. Ẹ̀rọ ló gé orí ìka méjì rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe orí ìka fún ara rẹ̀, ó fi awọ bò ó. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn gìtá rẹ̀ kó má baà máa dùn ún, bí ohùn gìtá náà ṣe rẹlẹ̀ nìyẹn, tó sì wúwo.

Ọdún 1970 yẹn kan náà ni ogun abẹ́lé tiwa parí. Èkó ń wá ohun tó máa jó sí. Jùjú wà, highlife ti ń rẹlẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé sì ti ń ta gìtá bíi tàwọn Beatles láti bí ọdún mélòó kan. The Clusters wà lára àwọn tó lókìkí jù nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. James Brown wá ṣeré ní Nàìjíríà lọ́dún náà. Fẹlá ti ń po Afrobeat tiẹ̀ pọ̀.

Òyìnbó kan wá wọ̀lú. Ginger Baker ni, onílù ẹgbẹ́ Cream, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ mú kí ìró orin rock le koko. Lọ́dún 1971 ló wa mọ́tò gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó, tí Tony Palmer sì ń ya fíìmù rẹ̀ bọ̀. Ìlù ló bá wá. Ó bá Fẹlá ṣe àwo orin lọ́dún náà. Ní 1972, ó kó ẹgbẹ́ kan jọ tó ń jẹ́ Salt. Àwọn ọmọ Clusters méjì wà níbẹ̀, Berkley Jones onígìtá àti Láolú Akíntóbi onílù, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Láolú Akins. Àwọn ìbejì Líjàdù náà, Táíwò àti Kẹ́hìndé, bá Salt ṣeré dé Munich ní Jámánì nígbà ìdíje Olympics ọdún yẹn. Baker tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà. Lọ́dún 1973, nígbà tí Paul McCartney wá ṣe àwo Band on the Run ní Èkó, ilé EMI ní Àpápá ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó gba orin kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Baker ní Ìkẹjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Lagos Island nìkan ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ṣé ẹ gbọ́?

Salt ò pẹ́ tó fi tú. Berkley àti Láolú mú Mike Odùmósù onibáàsì mọ́ra, wọ́n mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ wọn, ó di BLO. Èèyàn mẹ́ta péré. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde lọ́dún 1973. BLO yìí ni Dádì ń pè ní "tiwa." Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn rí wọn lójúkojú nígbà tí àwọn wà ní sẹ́kọ́ńdírì ní Yábàá, iwájú sípíkà gan-an ni àwọn dúró sí lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Mo lọ gbọ́ àwo náà. Òótọ́ ni pé kì í ṣe Black Sabbath. Ìlù rẹ̀ ń jó, tiwọn ń wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí gìtá yẹn! Wọ́n tì í kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè gbé, ohùn náà wá ń ha, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n da ẹ̀gúsí sí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní nǹkan ti bàjẹ́ ni. Níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ ni mo rántí ṣaworo tó wà létí ìyá ìlù. Kí ló wà fún? Ìyá ìlù lè sọ̀rọ̀ láìsí i. Àwa la ò fẹ́ ohùn tó mọ́ tónítóní, a fẹ́ kí nǹkan máa ha lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo bàtá Ṣàngó, ẹ sọ fún mi bóyá ìlù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Mi ò sọ pé àwa la bí heavy metal o. Mo kàn ń sọ pé nígbà tí irú ariwo yẹn wọ Èkó, kì í ṣe àlejò pátápátá.

Àwọn olùkọ́ wa máa ń kọ́ wa ní àpàlà, sákárà, jùjú, fújì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti àwọn onígìtá wọ̀nyí, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sáábà fi ń kọrin, a fò wọ́n dá. Lójú tèmi, àṣìṣe ni. Ta lẹ rò pé ó wà lẹ́yìn Ace, àwo tí Ṣínà Peters ṣe lọ́dún 1989, tí àwọn ìyá wa jó débi tí gèlè fi ń já bọ́? Láolú Akins yìí kan náà ló bójú tó o. Onílù ẹgbẹ́ tó pariwo jù ní Èkó ló wá bá wa tún jùjú ṣe. Odùmósù ní tiẹ̀ lọ bá Osibisa ní London. Nígbà tó fi máa di 1980, BLO fúnra rẹ̀ ti ń ṣe dískò. Nígbà tí SAP dé lọ́dún 1986, tí náírà ṣubú, ta ló tún fẹ́ rí owó ra gìtá àti sípíkà láti òkè òkun?

Àwọn tó wá kó orin yẹn jọ, London ni wọ́n wà. Ní 2001, iléeṣẹ́ Strut kó orin BLO jọ sójú kan. Ní 2010, Soundway gbé àkójọ orin rock Nàìjíríà jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kà nípa Èkó àwọn ọdún 70 yẹn, inú páálí àwo òyìnbó ló ti máa kà á. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó dúró síwájú sípíkà wà ní Mile 12, ó ń ka apẹ̀rẹ̀ tòmátò.

Dádì ní báàsì tiwọn nígbà kan. Àwọn ọmọ iléèwé mẹ́rin ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ṣeré níbi àpèjẹ mélòó kan, wọn ò gba orin kankan sílẹ̀. Nígbà tí ìyá wọn kú, àwọn ni àkọ́bí, wọ́n ta báàsì náà láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kétu ló rà á. Wọ́n ní ó tó ọdún mẹ́ta tí àwọn fi ń gbọ́ báàsì àwọn láti ojú fèrèsé ní gbogbo alẹ́ àìsùn Friday.

"Ọmọ yẹn ò mọ̀ ọ́n ta," ni wọ́n wí. "Àmọ́ ohùn rẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ 22 oṣù Agẹmọ, Ozzy kú. Ọmọ ọdún 76 ni. Eré Birmingham yẹn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pariwo rẹ̀ sétí Dádì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó tiẹ̀ ráyè dágbére." Ginger Baker ti kú ní 2019, ọdún yẹn náà ni Kẹ́hìndé Líjàdù lọ. Tony Allen, onílù Fẹlá, lọ ní 2020. Mo wá rò ó pé bí mo bá ń dúró de ẹni tó máa kó "tiwa" jọ, ó lè má ku etí tó máa gbọ́ ọ.

Bí mo ṣe mú wọn lọ sí Felabration nìyẹn, nínú oṣù Ọ̀wàrà. Láti 1998 ni wọ́n ti ń ṣe é, lọ́dún tó tẹ̀lé ikú Fẹlá, ní àyíká ọjọ́ ìbí rẹ̀, New Afrika Shrine ní Àgídìngbì ló sì máa ń wáyé jù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ayẹyẹ rock. Ṣùgbọ́n ibo ni mo fẹ́ mú wọn lọ? Ìyàwó wọn bínú. "Èyí tó kù nínú etí ọ̀hún lẹ fẹ́ lọ fi tọrẹ?" Ojú ti wá díẹ̀, a sì lọ náà. Kétu sí Ọjọ́ta, Ọjọ́ta sí Aláùsá, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Dádì wọ bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú.

Ó ti pé aago mọ́kànlá alẹ́ kí ẹgbẹ́ kan tó jáde, tí àwọn àgbà pọ̀ nínú wọn. Mi ò gbọ́ orúkọ wọn, ẹni tó ń pe orúkọ ń bá ẹ̀rọ jà. Bàbá tó gbé gìtá dání fi ìjókòó ṣeré, wọ́n gbé àga sílẹ̀ fún un. Mo rántí Ozzy. Orin méjì àkọ́kọ́ ò dùn, ohùn ò dọ́gba. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, báàsì wọlé, tábìlì tí ọwọ́ wa wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Dádì dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ tọ̀. Ọ̀dọ̀ sípíkà ni wọ́n lọ. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, wọ́n fi iwájú orí tì í. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo fà wọ́n lápá, mo ń pariwo pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, etí yín!" Wọ́n já ọwọ́ mi kúrò. Mo fà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yíjú wò mí, ojú wọn tutù, mo bá fi wọ́n sílẹ̀. Títí orin yẹn fi parí, ó sì gùn, ibẹ̀ ni wọ́n wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyàwó wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó di ọjọ́ kẹta kí etí ọ̀tún tó padà díẹ̀, kò sì padà tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo mú wọn lọ.

Mo lọ bá wọn lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Ọkọ̀ láti òkè Ọya ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn oníbàárà ń pariwo lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀. Dádì jókòó sáàárín wọn, ìka mẹ́rin ń rìn lára apẹ̀rẹ̀ tòmátò kan, lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Mo bi wọ́n pé orin wo nìyẹn. Wọn ò gbọ́ mi. Mo lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, mo tún béèrè.