Ilẹ̀kùn Olójú Kan: Ilé Ọtí Abẹ́lẹ̀ àti Eré Alẹ́ ní Amẹ́ríkà, 1920 sí 1933

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, irú eré alẹ́ kan wà tí àwọn ènìyàn ń san owó gọbọi láti lọ wò. Ẹni tí ó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì yóò gba ọ̀rọ̀ àṣírí kan sórí fóònù rẹ̀. Bí ó bá dé ibẹ̀, kò ní rí pátákó kankan níta. Ilẹ̀kùn lásán ni yóò bá, tí ihò kékeré kan wà lára rẹ̀. Yóò kanlẹ̀kùn, ojú kan yóò yọ láti inú ihò náà, yóò sọ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, wọn yóò sì ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú ilé, iná ń tàn bàìbàì, àwọn obìnrin fi ìyẹ́ ẹyẹ sórí, àwọn ọkùnrin wọ kóòtù bí ti ayé àtijọ́. Bí oúnjẹ ti ń dé orí tábìlì ni àwọn òṣèré ń kọrin láàárín àwọn tí ń jẹun. Bí alẹ́ bá lọ díẹ̀, ọlọ́pàá yóò já wọlé, fèrè yóò dún, gbogbo ènìyàn yóò pariwo, wọn yóò sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé òṣèré ni ọlọ́pàá náà.

Eré ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá ń perí ajá, à máa ń perí ìkòkò tí a fi sè é. Ìkòkò tí a fi se eré yìí ni nǹkan bí ọdún 14 tí ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de ọtí, láti ọdún 1920 sí 1933. Ní àkókò náà, ojú tí ń yọ láti inú ihò ilẹ̀kùn kì í ṣe ojú òṣèré, ẹni tí wọ́n sì dá padà lẹ́nu ọ̀nà kì í rẹ́rìn-ín.

Òfin náà kò ṣàdédé dé. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn obìnrin àti àwọn oníwàásù ti ń pariwo lórí ilé ọtí ìgbà náà, níbi tí ọkùnrin ti ń ná owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tán ní alẹ́ ọjọ́ kan, tí ìyàwó àti ọmọ yóò sì sùn lébi. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ asán, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi èyí sọ́kàn kí ó tó máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Woman's Christian Temperance Union sílẹ̀ ní 1874, wọ́n sì dá Anti-Saloon League sílẹ̀ ní 1893. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun pẹ̀lú Jámánì ní 1917, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ìdílé tí ó ti Jámánì wá ni wọ́n ni púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ bíà, ọ̀tá ọtí wá dà bí olùfẹ́ orílẹ̀-èdè. Àtúnṣe Kejìdínlógún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1919. Òfin tí yóò mú un ṣẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Volstead Act, ni Ààrẹ Woodrow Wilson kọ̀ láti fọwọ́ sí; àwọn aṣòfin borí rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1920, ohun mímu tí agbára ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdajì nínú ìdá 100 ti di ohun tí a kò gbọdọ̀ pọn, tà, tàbí gbé kiri.

Òfin náà ní ihò bí ajere. Kò sọ pé ènìyàn kò gbọdọ̀ mu ọtí. Ẹni tí ó bá ti ra tirẹ̀ pamọ́ sílé kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ lè máa mu ún lọ láìbẹ̀rù, ta ni ó sì lówó láti ra ọtí ọdún mẹ́wàá pamọ́ bí kò ṣe olówó? Dókítà lè kọ wisikí sínú ìwé fún aláìsàn, àìsàn sì wá pọ̀ sí i. Wáìnì wà fún ìsìn, àwọn olùjọsìn sì wá pọ̀ sí i pẹ̀lú. Tálákà tí kò ní àká ọtí, tí kò sì ní dókítà, ni òfin náà dé mọ́lẹ̀.

Ibẹ̀ ni ilé ọtí abẹ́lẹ̀ ti jẹ yọ. Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ni speakeasy, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí ènìyàn rọra sọ̀rọ̀. Orúkọ náà dàgbà ju òfin 1920 lọ. Ní Pennsylvania, wọ́n ti ń lò ó láti bí ọdún 1880 sókè fún àwọn tí ń ta ọtí láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1929, Grover Whalen, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá New York, sọ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ tó 32,000 ní ìlú náà. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ibi ẹwà rárá: yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ilé ìdáná opó kan tí ń ta jíìnì nínú ife tíì kí ó lè san owó ilé.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nọ́ńbà 21, òpópónà 52 ní ìhà ìwọ̀-oòrùn New York, Jack Kriendler àti ìbátan rẹ̀ Charlie Berns ṣí ilé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 tí ó di gbajúmọ̀ lábẹ́ orúkọ 21 Club. Ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ ilé náà lè ya oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́nu. Bí agbófinró bá dé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò tẹ nǹkan kan. Pẹpẹ ìgò inú ilé yóò ṣẹ́rí, gbogbo ìgò yóò rọ́ sínú ihò kan, yóò fọ́ yángá nísàlẹ̀, ọtí yóò sì gba ojú ilẹ̀ lọ. Ní abẹ́ ilẹ̀ ni àká ọtí gan-an wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kan tí wọ́n fi bíríkì bò tí ó fi dà bí ògiri, tí ìwọ̀n rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Kò ní ọwọ́, kò ní kọ́kọ́rọ́. Ihò tín-ín-rín kan ni wọ́n ń ti irin gígùn bọ̀, irú èyí tí a fi ń gún ẹran sun, ilẹ̀kùn yóò sì ṣí. Wọ́n tún gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: àká náà wà lábẹ́ ilé kejì, nọ́ńbà 19. Bí agbófinró bá bi wọ́n bóyá ọtí wà nínú ilé wọn, wọn yóò ní kò sí, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. Nígbà tí àwọn agbófinró tú ilé náà ní 1932, wọn kò rí ẹ̀kán ọtí kan mú jáde.

Àwọn agbófinró náà ń ṣeré tiwọn. Isidor Einstein, tí gbogbo ayé ń pè ní Izzy, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Moe Smith ni ó gbajúmọ̀ jù. Izzy kúrú, ó sanra, kò jọ ọlọ́pàá rárá, ohun tí ó sì sọ di ohun ìjà nìyẹn. Ó ń múra bí olórin, bí agbẹ́lẹ̀ sàréè, bí agbábọ́ọ̀lù, yóò sì bẹ̀bẹ̀ fún ọtí. Bí wọ́n bá ti bù ú fún un, ọwọ́ òfin tẹ̀ wọ́n. Ènìyàn 4,932 ni àwọn méjèèjì mú kí wọ́n tó dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1925. Izzy a máa wo aago láti mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó rí ọtí rà bí ó bá dé ìlú tuntun. Ní New Orleans, ó ní ìṣẹ́jú àáyá 35 péré ni.

Kí òfin tó dé, ilé ọtí jẹ́ ibùjókòó ọkùnrin. Obìnrin tí ó bá níyì kì í wọ ibẹ̀. Ilé ọtí abẹ́lẹ̀ kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀, tọkọtaya sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀. Oúnjẹ wá di pàtàkì, orin di pàtàkì, nítorí pé ọtí tí ó gbówó lórí, tí kò sì dára lẹ́nu, nílò ohun tí yóò mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ilé oúnjẹ tí ó pa òfin mọ́ kò rí ojú rere: Delmonico's, tí àwọn ọlọ́lá New York ti ń jẹun láti ọ̀rúndún tí ó ṣáájú, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1923. Ẹni tí ó rú òfin ni ó ń là. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1924, obìnrin kan tí ó ti ṣe eré sinimá, Texas Guinan, di alákòóso eré alẹ́ ní El Fey, ilé tí Larry Fay onífàyàwọ́ ọtí dá sílẹ̀. Yóò jókòó sórí àga ní àárín gbọ̀ngàn, yóò máa pe àwọn oníbàárà rẹ̀ ní òmùgọ̀ ní ojú wọn, wọn yóò sì máa ṣẹ́wọ́ fún un. Inú wọn dùn láti san owó púpọ̀ fún omi lásán tí wọn yóò fi lú ọtí, bí ẹni pé ìwọ̀sí náà wà lára ohun tí wọ́n rà.

Ní Harlem, ìhà New York tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé, ìwọ̀sí kì í ṣe àwàdà. Jack Johnson, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba adé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àgbáyé láàárín àwọn abarapá, ṣí ilé kan tí ó pè ní Club Deluxe ní igun òpópónà 142 àti Lenox ní 1920. Ní 1923, Owney Madden, bàbá ìsàlẹ̀ àwọn onífàyàwọ́, gba ilé náà, ó sì sọ ọ́ di Cotton Club. Cotton ni òwú. Òwú sì ni irúgbìn tí wọ́n fi àwọn baba ńlá àwọn ará Harlem ṣe ẹrú lé lórí. Orí ìtàgé rẹ̀ dà bí iwájú ilé olóko ẹrú. Àwòrán tí wọ́n yà sára ògiri ń pe Gúúsù àti igbó kìjikìji. Nǹkan bí ènìyàn 700 ni ó lè jókòó síbẹ̀ láti jẹun, láti mu ọtí Madden, àti láti wòran.

Aláwọ̀ dúdú ni olórin, oníjó, agbáwo àti alásè. Aláwọ̀ funfun ni ẹni tí ó jókòó. Àwọn ọ̀gá ilé náà tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n fún àwọn ọmọbìnrin oníjó: wọn kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 21 lọ, wọ́n gbọdọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 6, àwọ̀ wọn sì gbọdọ̀ pupa. Aládùúgbò tí ń gbé ní òdìkejì títì lè gbọ́ orin ọmọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò lè wọlé lọ wò ó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba díẹ̀ láyè nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò yí ìlànà ilé náà padà. Langston Hughes, akéwì Harlem, kò fi bò nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, The Big Sea, tí ó jáde ní 1940, pé àwọn aláwọ̀ dúdú Harlem kò fẹ́ràn ibẹ̀, àti pé àwọn òyìnbó tí ń rọ́ wá sí Harlem lóru ń wo àwọn ènìyàn ibẹ̀ bí ẹni ń wo ẹranko nínú ọgbà.

Síbẹ̀, orin tí ó ti ibẹ̀ jáde kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá ọdún 1927, Duke Ellington àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Bubber Miley àti Joe Nanton ń mú kí fèrè wọn ké bí ẹranko, kí ó sì sunkún bí ènìyàn. Àwọn onílé pè é ní orin igbó. Wọ́n fẹ́ Áfíríkà tí òyìnbó lè bẹ̀rù díẹ̀ kí ó tó gé ẹran rẹ̀ jẹ. Ellington gba orúkọ náà, ó sì fi àkókò rẹ̀ kọ́ iṣẹ́. Nítorí pé eré ń yí padà lóòrèkóòrè, ó ní láti máa kọ orin tuntun, rédíò CBS sì gbé orin náà dé ilé àwọn tí kò lè wọ Cotton Club láéláé. Nígbà tí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1931, tí Cab Calloway gba ipò rẹ̀, òkìkí rẹ̀ ti kan káàkiri ayé.

Kì í ṣe gbogbo Harlem ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ed Smalls, aláwọ̀ dúdú, ṣí Small's Paradise ní 1925, dúdú àti funfun ń jókòó níbẹ̀ pọ̀, àwọn agbáwo sì ń gbé àwo lé ọwọ́ jó. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ìyẹn, àríyá owó ilé wà: ẹni tí owó ilé bá há mọ́ lọ́rùn yóò pe ènìyàn sí yàrá rẹ̀, wọn yóò san owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹja díndín àti ọtí yóò wà, Fats Waller tàbí James P. Johnson lè jókòó sídìí dùùrù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí oúnjẹ, ọtí àti eré ti pàdé láìsí ẹni tí ń wo àwọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà, yàrá bẹ́ẹ̀ ni kí ó wò.

Ohun tí eré òde òní kì í gbé wá sórí tábìlì ni májèlé. Ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ láyè láti máa ṣe ọtí líle fún kẹ́míkà, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi májèlé sí i kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Àwọn ọ̀daràn ń jí i, wọ́n ń gbìyànjú láti yọ májèlé náà, wọ́n sì ń tà á. Ní ìparí ọdún 1926, ìjọba fi kún májèlé náà, ó sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń mu ún. Ní àkókò Kérésìmesì ọdún yẹn, òkú ń wọlé lérò sí ilé ìwòsàn Bellevue ní New York. Charles Norris, dókítà àgbà tí ń yẹ òkú wò fún ìlú náà, sọ gbangba pé ìjọba ni ó lẹ̀bi, àti pé àwọn tí kò lówó láti ra ọtí gidi ni ó ń kú. Àwọn oníbàárà 21 Club kò sí nínú wọn.

Òǹkàwé Yorùbá kò ní ṣàì rántí ògógóró níbí. Ní 1919 kan náà, àwọn ìjọba òyìnbó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kan ní Saint-Germain-en-Laye, ní ilẹ̀ Faransé, tí ó de ọtí líle ní apá púpọ̀ ní Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, ìjọba amúnisìn ń gba owó orí jíìnì tí ó ti òkè òkun wá, ó sì ń mú ẹni tí ó bá fi ẹmu pọn tirẹ̀ nínú igbó.

Òfin Amẹ́ríkà kú ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1933, nígbà tí Utah di ìpínlẹ̀ kẹrìndínlógójì tí ó fọwọ́ sí Àtúnṣe Kọkànlélógún. Texas Guinan kò rí ọjọ́ náà. Ó kú ní oṣù kan gééré ṣáájú. Lẹ́yìn ìjà ìgboro Harlem ní 1935, Cotton Club kó lọ sí àárín ìlú ní 1936, ó sì kógbá sílé ní 1940. 21 Club di ilé oúnjẹ tí òfin gbà, ó sì wà títí di 2020. Ní Virginia, Barksdale Theatre bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ alẹ́ kún eré ní 1953, irú tíátà bẹ́ẹ̀ sì tàn káàkiri. Ìgbà tí ọ̀rúndún tuntun wọlé ni ilẹ̀kùn àfipamọ́ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tún di àṣà àwọn ọ̀dọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1966, Duke Ellington lọ sí Dakar, ní Senegal, fún àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ ti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, níbi tí wọ́n ti ṣe eré Kongi's Harvest ti Wọlé Ṣóyínká pẹ̀lú. Ọkùnrin tí wọ́n fi orin igbó polówó rẹ̀ ní Lenox ti di ẹni ọdún 66. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ ilẹ̀ Áfíríkà.