Jẹjẹrẹ ọkàn

Jẹjẹrẹ ọkàn jẹ́ àrùn tí ó máa ń wáyé nígbà tí kókó jẹjẹrẹ bá hù nínú ọkàn tàbí lára awọ tí ó bò ó. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Nínú gbogbo kókó tí ó ń ti inú ọkàn fúnra rẹ̀ hù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ tí ó ti ibòmíràn tàn dé ọkàn, bí ẹ̀dọ̀fóró, ọyàn tàbí ẹ̀jẹ̀, wọ́pọ̀ ju èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ fíìfíì.

Irú rẹ̀

Sarcoma ni ó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkàn. Angiosarcoma ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn àgbàlagbà, yàrá òkè apá ọ̀tún ọkàn ni ó sì sábà máa ń wà. Lymphoma náà lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn. Burkitt lymphoma, tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe ní Uganda ní ọdún 1958, tí ó sì máa ń mú àwọn ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ikùn, lè tàn dé ọkàn pẹ̀lú.

Àwọn àmì

Aláìsàn lè máa mí gúlegúle, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kí àyà máa dùn ún, kí ó sì máa rù. Omi tí ó ní ẹ̀jẹ̀ lè gbára jọ yí ọkàn ká. Ní Áfíríkà, ikọ́ ife ni ó sábà máa ń fa irú omi bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti ṣi jẹjẹrẹ mú fún ikọ́ ife. Bí omi náà bá tún padà lẹ́yìn tí a ti fà á, tí oògùn ikọ́ ife kò sì ran aláìsàn, ó yẹ kí a wá jẹjẹrẹ.

Àyẹ̀wò

Echocardiography, tí Inge Edler àti Hellmuth Hertz bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní ọdún 1953, ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ìró tí etí kò lè gbọ́ ni ó fi ń ya àwòrán ọkàn. Ẹ̀rọ CT àti MRI ń fi ibi tí kókó náà tàn dé hàn. Ṣùgbọ́n ẹran kékeré tí a gé lára kókó náà, tí a sì yẹ̀ wò, ni ó ń fi irú jẹjẹrẹ náà múlẹ̀.

Ìtọ́jú

Ní ọdún 1954, Clarence Crafoord yọ kókó myxoma, tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kúrò nínú ọkàn ní Stockholm. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni ìtọ́jú pàtàkì fún sarcoma, pẹ̀lú oògùn àti ìtànṣán. Bí a kò bá lè yọ gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í lò ju ọdún kan lọ. Ti lymphoma yàtọ̀: oògùn ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì lè san.

Ní Ilé-Ìfẹ̀ àti Nàìjíríà

Ní Ilé-Ìfẹ̀, àwọn dókítà ọkàn ní Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe àyẹ̀wò echocardiography. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni a ti ń fi oògùn tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó ní Burkitt lymphoma. Ní ti iṣẹ́ abẹ, ọdún 1974 ni a kọ́kọ́ la ọkàn ní Nàìjíríà, ní ilé-ìwòsàn yunifásítì tí ó wà ní Enugu. Fún ìtànṣán, ilé-ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun kan ṣí ní LUTH ní Èkó ní ọdún 2019. Nítorí náà, ìtọ́jú aláìsàn kan lè gba ìrìn-àjò láti ìlú kan dé òmíràn, àyẹ̀wò tí ó bá yá ni ó sì ń fi àkókò sílẹ̀ fún un.