Ooru Yàrá, Ooru Káàdì: Ìtàn Géèmù Kọ̀ǹpútà ní Lẹ́kkí àti Ajah

Ní alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, ní yàrá ọ̀rẹ́ wa kan ní Ajah, a ń gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà. Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé gbé kọ̀ǹpútà àti gílóòbù kan, kò lè gbé éésì. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà ní yàrá náà kọjú sí ògiri aládùúgbò, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì mú ká tì í pa. Nígbà tí eré wọ abala kejì, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Fáànù inú kọ̀ǹpútà ń hu. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ ṣú, kò sì là mọ́.

Àwa mẹ́rin la dáwó ra káàdì gíráfíìsì tó kú yẹn. Tòkunbọ̀ ni. Ọ̀kan nínú wa ní ẹni tó tà á fún wa ló lù wá ní jìbìtì. Òmíràn ní jẹnẹrétọ̀ ló pa á. Ẹnì kẹta ní àwa tí a ti fèrèsé ni. Ẹnì kẹrin kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òun ló dá owó tó pọ̀ jù. Àríyànjiyàn náà kò tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí náà a ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe: a lọ wá ìtàn rẹ̀ kà. Èdè Yorùbá la ń kọ́, a kì í ṣe ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ìtàn ni ìtàn ń jẹ́.

Káàdì gíráfíìsì ni apá kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán tí ojú wa ń rí. Ní 1996, nígbà tí ilé-iṣẹ́ 3dfx gbé káàdì Voodoo jáde, ìhòòhò ni chip rẹ̀ wà lórí pátákó. Kò ní fáànù, kò sì ní irin tí ń fa ooru. Ní 1999 ni NVIDIA gbé GeForce 256 jáde, tí wọ́n ń fi orúkọ GPU polówó rẹ̀ káàkiri ayé. Fáànù ti wà lórí ìyẹn. Nígbà tó fi máa di 2003, ariwo fáànù orí GeForce FX 5800 Ultra pọ̀ débi pé NVIDIA fúnra wọn ṣe fídíò kan láti fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. GTX 480 ti 2010 ń jẹ 250 wáàtì. RTX 4090 ti 2022 ń jẹ 450.

Ẹ fi iye yẹn wé áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń jẹ 1000 wáàtì. Iná tí káàdì bá jẹ, ooru ló ń yí padà dà, inú yàrá tí a jókòó sí náà ló sì ń tú u sí. Ẹni tó bá ń gbá géèmù pẹ̀lú káàdì 450 wáàtì ti gbé nǹkan bí ààbọ̀ áyọ́ọ̀nù gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ di òru.

Ooru ti jẹ àwọn olówó náà níyà rí. Microsoft gbé Xbox 360 jáde ní oṣù Kọkànlá 2005. Kò pẹ́ rárá tí iná pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn yí bọ́tìnnì rẹ̀ ká nílé àwọn oníbàárà, tí ẹ̀rọ náà yóò sì kọ iṣẹ́. Ní oṣù Keje 2007, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ti ya owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ní oṣù Keje 2008, ó kan NVIDIA: wọ́n ya 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí chip tó ń kú nínú láptọ́ọ̀pù àwọn ènìyàn. Ohun tó fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Bí chip bá gbóná, á wú díẹ̀. Bó bá tutù, á súnkì. Òun àti pátákó abẹ́ rẹ̀ kì í wú bákan náà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ewu. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, àwọn kóró irin kéékèèké tí wọ́n fi jó chip mọ́ pátákó á sán. (Àwọn kan máa ń fi táwẹ̀lì wé Xbox wọn kó lè gbóná gan-an, kí àwọn kóró náà lè mú padà. Nígbà mìíràn ó máa ń jí fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.)

Gbígbóná-títutù léraléra ló ń ṣe iṣẹ́ ibi yìí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti kan iná wa. Ní 1972 ni ìjọba da ECN pọ̀ mọ́ Niger Dams Authority, tí wọ́n di NEPA. Ní 2005 orúkọ di PHCN. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2013 wọ́n fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí iná bá dé lónìí, "Up NEPA!" náà ni àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo. Iná lè lọ kó sì dé lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, ìgbà mẹ́rin náà ni káàdì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa tutù tí yóò tún gbóná.

Ilẹ̀ tí a wà náà ní ìtàn tirẹ̀. Ilẹ̀ tóóró ni, ọ̀sà wà ní apá kan, òkun Àtìláńtíìkì wà ní apá kejì. Nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Èkó, láti 1979 sí 1983, wọ́n kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú síbẹ̀, títí dòní ni a ṣì ń gbọ́ tí kọ́ńdọ́ ń pe "Jakande!" lójú ọ̀nà Lẹ́kkí. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó Maroko, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló sì di aláìnílé. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n fún ní ilé ní Ìlàsàn àti Ìkọtà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ilé ń kún lọ sí ìhà Ajah, títí ògiri fi ń fẹnu ko ògiri.

Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń bá ooru gbé. Agbo ilé àtijọ́ ní àgbàlá láàárín tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, oòrùn kì í tètè rí inú ilé. Yàrá búlọ́ọ̀kù onífèrèsé kan máa ń mu oòrùn láti àárọ̀, á wá tú u lé wa lórí lálẹ́. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sínú ilé amọ̀ o. Ẹni tó bá ti fi ìgbálẹ̀ gbá ilé ìyá àgbà rẹ̀ rí mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: fáànù kì í dá òtútù. Afẹ́fẹ́ yàrá ló kàn ń gbé kọjá lára irin gbígbóná. Bí káàdì kan bá máa ń fi 50 dígíríì gbóná ju yàrá lọ, nínú yàrá tó wà ní 22, yóò wà ní 72. Ẹ gbé e wá sí Ajah lóṣù Kejì, sínú yàrá tó wà ní 35, ó di 85. Ọ̀pọ̀ káàdì NVIDIA máa ń dín eré wọn kù fúnra wọn bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ nǹkan bí 83. Ìdí nìyẹn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa fi ń wọ́ ẹsẹ̀. Káàdì náà ti ń bẹ̀ wá, a ò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ẹ ó ní kí a tan éésì. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A gòkè láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 fún kìlówáàtì kan ní wákàtí kan. Ní iye ìgbà náà, kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 300 wáàtì fún wákàtí mẹ́rin ná wa ní náírà 270. Éésì tó ń jẹ 800 wáàtì fún àkókò kan náà gba 720 nígbà náà. Títu yàrá lára wá wọ́n ju géèmù fúnra rẹ̀ lọ, ìyẹn bí iná bá tilẹ̀ wà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni orúkọ yìí wà fún tẹ́lẹ̀, kó tó di orúkọ mọ́tò, fíríìjì àti káàdì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2022, Ethereum fòpin sí fífi káàdì gíráfíìsì wa owó rẹ̀, ọ̀pọ̀ káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru sì bọ́ sọ́jà àlòkù. Ó ṣeé ṣe kí tiwa wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n káàdì tó ń gbóná bákan náà lójoojúmọ́ láìsinmi kì í rí ìyà gbígbóná-títutù tó bí èyí tí a fi jẹnẹrétọ̀ tàn. Fáànù rẹ̀ ló máa ń gbó, ìpara tí wọ́n fi sáàárín chip àti irin á sì gbẹ. Bí a bá tú u wò lọ́jọ́ tí a rà á, tí a gbá ekuru inú rẹ̀, tí a fi ìpara tuntun sí i, bóyá ì bá ṣì wà láàyè. A ò tú u. Nítorí náà a ò lè di gbogbo ẹrù yẹn lé ẹni tó tà á lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wa kò tíì gbà.

A ti dáwó ra òmíràn, kékeré, tí kò jẹ ju 120 wáàtì lọ. A fi Afterburner, ètò ọ̀fẹ́ kan, dín iná tó ń jẹ kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, a sì ní kó má ya ju àwòrán 60 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀. A gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìkángun ọgbà kí fèrèsé lè wà ní ṣíṣí. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ wọlé báyìí, ọyẹ́ sì ń bọ̀ tòun ti ekuru rẹ̀, àmọ́ a fara mọ́ ìyẹn. Sátidé tó kọjá, yàrá wà ní 31, káàdì dúró sí 74 láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé ìparí. Ẹnì kẹrin, ẹni tó dá owó tó pọ̀ jù, ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀ lóṣooṣù. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.